Ẹrù Tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Dì

Sawaba, Kumasi
Ọjọ́ keje, oṣù Kejì, 1988

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú ariwo àwọn ọmọ iléèwé yín. Ara wa le. Sàfúrátù ti ń dá jókòó, eyín kan sì ti yọ nísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ fi gé jẹ.

Ẹ ní kí n kọ bí ilé ọkọ ṣe rí, kí n má fi ọ̀kankan pamọ́. Ó dáa. Ẹ̀rọ omi àgbàlá wa kì í yọ àfi ní kùtùkùtù, ìjà ni a sì fi ń pọn ọ́n. Akua tí yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ń yan ẹja tà, èéfín rẹ̀ kò mọ ọ̀nà míì ju fèrèsé mi lọ. Ọkọ mi ń kó òkú rédíò bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe wọn ní Adum, wọ́n ti tò wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì ká. Bí mo bá na ẹsẹ̀ lójú oorun, rédíò ni n ó ta nípàá. Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á.

Ti ìyá ọkọ mi ni n kò lè fara dà. Ìyá, wọ́n ń di ẹrù mi. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń yí, Ìyá Àgbà á wọ yàrá mi, wọn á ká aṣọ mi sínú ìró, wọn á dì í, wọn á gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í bú mi, wọn kì í bá mi jà. Wọn á kàn máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mò ń fi nǹkan falẹ̀. Lánàá, mo bá iyọ̀ láàárín ìlédìí ọmọ, ìkòkò ọbẹ̀ sì wà nínú àpótí aṣọ mi, tòun ti ọbẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ni mo ṣe?" Wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà múra. Ilẹ̀ ń ṣú."

Ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí ìyá ọkọ bá di ẹrù ìyàwó sẹ́nu ọ̀nà? Mo sọ fún ọkọ mi, wọ́n ní "hàkúrì", bí àwọn Hausa àdúgbò wa ti í bẹni pé kí á ṣe sùúrù, wọ́n sì kọjú sí rédíò wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Bàbá kọ̀wé sí wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó gbé ẹrù tí wọ́n ti bá mi dì, n ó sì máa bọ̀ nílé.

Èmi ọmọ yín,
Ràzíátù


Pàkátà, Ìlọrin
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, 1988

Ràzíátù ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí ilé rẹ. Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà, mo sì fi í pamọ́ kí Bàbá rẹ má bàa rí i. Bí àwọn ọkùnrin bá ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ síra wọn, ọ̀rọ̀ yàrá á di ọ̀rọ̀ ìdílé, kò sì ní tán mọ́.

Má bọ̀ nílé. Nígbà tí mo dé ilé baba rẹ, ìyá wọn a máa tọ́ ọbẹ̀ mi wò, wọn a sì tu ú sílẹ̀ lójú àlejò. Mo gbàdúrà títí kí ẹnu wọn sinmi. Ọjọ́ tí ó sinmi lóòótọ́, èmi ni mo sunkún jù nínú ilé yẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn kí wọ́n máa tu ọbẹ̀ mi sílẹ̀ o. Ilé ló dákẹ́ jù fún mi.

Ohun tó ń bí ọ nínú, yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, oore lè wà níbẹ̀. Ẹni tí èéfín rẹ̀ ń wọlé tọ̀ ọ́ ni yóò gbọ́ bí o bá figbe ta. Ọkọ tó ń gbé rédíò wálé, ó ń wálé ná. Kí o tó sùn, mú ọ̀kan nínú ohun tó dùn ọ́ lọ́jọ́ náà, kí o sì dúpẹ́ lórí rẹ̀, kódà bí ẹnu rẹ bá korò. Ọkàn rẹ á rọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ mi, má bínú. Tí Ìyá Àgbà bá ń di ẹrù, ṣé tìrẹ nìkan ni wọ́n ń dì?

O kò sì fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́. Ṣé ojú àlá ni kí n ti máa wo ọmọ-ọmọ mi ni?

Ìyá rẹ,
Nímátù


Sawaba, Kumasi
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 1988

Ìyá mi,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ìmúra ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Fọ́tò tí ẹ ń bá mi jà lé lórí nìyí. Ẹ má bínú pé ojú ọmọ kò hàn tán. Ìyá Àgbà kò gbà kí a ya Sàfúrá lọ́tọ̀. Ẹ̀yìn wọn ló wà tí onífọ́tò fi yà á.

Mo ti ń dúpẹ́ bí ẹ ṣe wí. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo dúpẹ́ lórí èéfín, ikọ́ kò sì jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè yín ni kò jẹ́ kí n sùn. N kò wò ó rí. Mo wá wò ó. Ìyá, gbogbo wa ni wọ́n ń di ẹrù wa. Wọ́n ń di tiwọn, wọ́n ń di ti ọkọ mi, wọ́n ń di òkú rédíò pàápàá. Ti ọmọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń dì. Ojú tì mí. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n bí ìbínú mi ṣe lọ ni ẹ̀rù dé.

Wọ́n ń pe Sàfúrá ní Àìṣátù. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n. Wọn á fi ọ̀já dì í le títí èémí ọmọ á fi máa dún, wọn á wá jókòó sórí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá fẹ́ fún un lọ́mú, wọn á kọ́kọ́ yọjú síta. Wọn á ní, "Ṣé lọ́rì ti dé?"

Mo bi ọkọ mi pé ta ni Àìṣátù. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ síta. Akua ló là mí lójú. Inú ilé yìí ni wọ́n bí Akua sí, ó gbọ́ Yorùbá bí èmi. Ó ní lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ibí fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde, Yorùbá ló kún ilé yìí fọ́fọ́. Ìyá Àgbà wọ lọ́rì tó ń lọ sí Ìlọrin pẹ̀lú ọkọ wọn, wọ́n mú ọkọ mi tó jẹ́ ọmọ kékeré dání, wọ́n sì pọn àbúrò ọkọ mi obìnrin, Àìṣátù. Wọ́n há wọn sínú ọkọ̀ bí iṣu. Lẹ́bàá bọ́dà, ní Denu, ọkọ̀ kò lè lọ mọ́ nítorí èrò. Ara ọmọ ń jó bí iná. Àwọn èrò ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ òjìji lọ́rì, wọ́n wá omi lọ. Kí wọ́n tó dé, ọmọ ti kú. Ẹ̀bá títì ni wọ́n sin ín sí, lọ́rì sì gbéra.

Nígbà tí ara tu ìlú díẹ̀, wọ́n padà wá sínú ilé yìí kan náà. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọmọ yẹn mọ́. "Awerɛhosɛm," ni Akua wí, ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni.

Lánàá, mo fẹ́ tú ọ̀já. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì di kókó rẹ̀ mú. Wọ́n ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní sọ ọ́ kalẹ̀."

Kí ni kí n ṣe?

Ràzíátù


Sawaba, Kumasi
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹrin, 1988

Ìyá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Èsì yín kò tíì dé, ṣùgbọ́n inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dúró dè é. Mo rò pé mo ti rí ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ẹ ń sọ.

N kò tú ẹrù tìbínútìbínú mọ́. Bí Ìyá Àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, èmi náà á jókòó tì wọ́n, n ó máa bá wọn ká aṣọ. A ó dì í, a ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, a ó jọ máa wo títì. Tí àkókò ìṣínu bá tó, n ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jẹ́ kí á jẹun ná," a ó sì tú ìkòkò jáde. Lánàá, bàtà ọkọ mi já bọ́ láti inú ìkòkò ìrẹsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín wọn tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí. Mo dúpẹ́ lórí rẹ̀ lálẹ́, ẹnu mi kò sì korò.

Ọjà ń yá ní Adum nítorí ọdún tó ń bọ̀, ọwọ́ ọkọ mi kò ká a. Mo ti wá ń lọ bá wọn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ìyá Àgbà ni mò ń fi Sàfúrá sílẹ̀ fún, Akua sì ní òun á máa fojú bá wọn lọ. Ọkàn mi balẹ̀. Ta ló tún lè tọ́jú ọmọ ju ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ lọ?

Ìyá Àgbà kò béèrè mọ́ bóyá lọ́rì ti dé. Wọ́n ní àwọn ti mọ ibi tó ń dúró.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ dùn,
Ràzíátù


Pàkátà, Ìlọrin
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 1988

Ràzíátù,

Ẹ kú ààwẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ìwé rẹ ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí dé, fọ́tò náà dé. Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé kí n lè rí i dáadáa. Bàbá rẹ ń yọ̀ pé ọmọ jọ àwọn. Èmi, ọ̀já yẹn ni mò ń wò, bó ṣe wọ ọmọ nínú lábẹ́ apá.

Gbọ́. Ọdún tí ò ń sọ yẹn, tíṣà tuntun ni mí. Iléèwé wa ni àwọn lọ́rì ń já àwọn tó ń ti Ghana bọ̀ sí, àwa ni a sì ń se oúnjẹ fún wọn. Mo rí obìnrin kan tó sọ̀ kalẹ̀, tó di ọ̀já mọ́yà, tó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó pọnmọ. Ọmọ kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. N kò sọ pé ìyá ọkọ rẹ ni o. Irú wọn pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé rẹ̀.

Mo ní kí o máa dúpẹ́. N kò ní kí o di ojú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Má bá Ìyá Àgbà jà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní wèrè létí rẹ. Ṣùgbọ́n má fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn nìkan. Kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, má ṣe é.

Ìyá rẹ,
Nímátù


Pàkátà, Ìlọrin
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 1988

Ràzíátù,

Ìwé tí o kọ nínú ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. N kò lè jẹun. Wọ́n ní àwọn mọ ibi tí lọ́rì ń dúró, o sì kọ ọ́ síwèé bí ọ̀rọ̀ lásán!

Gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ wọn. Bí ìwé yìí bá bá ọ nínú ṣọ́ọ̀bù, dìde, máa lọ sílé.

Nímátù


Pàkátà, Ìlọrin
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà, 1988

Ọmọ mi,

Mo ti tẹ wáyà, kò sí èsì. Mo ti ka gbogbo ìwé rẹ sétí Bàbá rẹ, wọn kò bá mi wí. Wọ́n kàn ń jókòó síta lójú ọ̀nà tí onílẹ́tà ń gbà.

Kọ ọ̀rọ̀ kan péré. Bí ibi ni, bí ire ni.

Ìyá rẹ


Sawaba, Kumasi
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, 1988

Ìyá mi, Bàbá mi,

Sàfúrátù wà láàyè. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ka ìyẹn. Alihamudu lilahi.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni. Òjò lé mi kúrò ní Adum lọ́sàn-án. Nígbà tí mo wọ àgbàlá, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ gbayawu, òjò ń fẹ́ wọlé. Kò sí ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Akua ti lọ ra ẹja láàárọ̀, nígbà tó dé, ó rò pé wọ́n sùn. Mo pè, mo pè. Ìyá, ilé náà dákẹ́.

Èmi àti Akua sáré dé ibùdókọ̀ Kejetia nínú òjò. Ẹni tó ń pe èrò níbẹ̀, Kwaku, ní òun rí màmá àgbàlagbà kan tó pọn ọmọ, tó gbé ẹrù lórí. Ó ti wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Aflao, ní bọ́dà, láàárọ̀. Yẹtí wúrà etí rẹ̀ ló fi san owó ọkọ̀. Kwaku ní, "Mo ní kó sọ ọmọ kalẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Ó wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ pa á."

A lọ pe ọkọ mi. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, a wọ ọkọ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Accra kí wọ́n tó lanu. Wọ́n ní, "Mo mọ ibi tí wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ Àìṣátù. Wọ́n ní ó ti ń gbìyànjú àtirìn, pé àwọn ni ó máa ń rìn tọ̀.

Ọjọ́ kejì ni a débẹ̀. Ẹ̀bá títì Denu ni, lábẹ́ àtíbàbà àwọn obìnrin ẹlẹ́ja. Ìyá Àgbà jókòó sórí ẹrù, wọ́n kọjú sí ọ̀nà bọ́dà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní láti àná ni àwọn ti ń bẹ̀ wọ́n, ẹni tó gbìyànjú láti tú ọ̀já, wọ́n gé e jẹ lọ́wọ́. Orí èjìká ni wọ́n ti ń fún ọmọ ní ògì mu. Ó ní ọmọ ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní kò sunkún mọ́ láti àárọ̀.

Mo rí orí Sàfúrá tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ bẹ́ lù wọ́n. Kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ gbé wọn lulẹ̀. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Nígbà náà ni mo rí ojú Ìyá Àgbà. Kò sí ìkà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọmọ ni, wọn kò sì tíì fojú ba oorun.

Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn nínú ẹrẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, a ti kọjá."

Wọ́n ní, "Kọjá kí ni?"

"A ti kọjá bọ́dà. A ti dé Ìlọrin."

"Ṣé lóòótọ́?"

"A ti dé. Ẹ gbé e fún mi. Èmi náà kò ní sọ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n wá fi ọwọ́ ara wọn tú ọ̀já.

Ọsibítù ni a gbà lọ tààrà. Ibà mú un gan-an, ara rẹ̀ sì gbẹ. Ibẹ̀ la wà títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí. Nígbà tí a délé ni mo bá ìwé yín méjèèjì àti wáyà lọ́wọ́ Akua. Mo kà wọ́n lórí ìdúró. Sàfúrá ti ń mu ọmú báyìí. Ó gé mi jẹ láàárọ̀ yìí, mo sì jókòó sílẹ̀, mo sunkún ọpẹ́.

Ràzíátù


Pàkátà, Ìlọrin
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, 1988

Ràzíátù ọmọ mi,

Bàbá rẹ pa àgbò. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ pé wọ́n sunkún, nítorí náà n kò sọ.

N kò ní bá ọ wí. Ọ̀nà tí ìwé ń gbà jìn ju ọ̀nà tí ewu ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n o kò sọ bí Ìyá Àgbà ṣe wà. Ṣé ẹ tì wọ́n mọ́lé ni? Ṣé Sànúsí ọkọ rẹ ń bá wọn sọ̀rọ̀? Ẹrù ọmọ ni o ní lọ́tùn-ún, ẹrù ìyá àgbàlagbà lósì. Apá rẹ kò lè ká a.

A ó ti iléèwé pa ní ìparí oṣù. Mò ń bọ̀. Kọ ohun tí o fẹ́ kí n mú wá.

Ìyá rẹ,
Nímátù


Sawaba, Kumasi
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, 1988

Ìyá mi,

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò. Ẹ má mú oúnjẹ kankan wá, ara yín ni a fẹ́. Inú ọkọ mi dùn pé ẹ ń bọ̀. Wọ́n ti ń kó òkú rédíò kúrò nínú yàrá kí ẹ lè ríbi sùn, ó ku bí ìdajì.

Ìyá Àgbà kò di ẹrù mọ́. Wọ́n gbà pé a ti dé Ìlọrin, kò sì sí ẹni tó ní agbára àtisọ fún wọn pé Kumasi nìyí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọn á kí gbogbo àgbàlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Akua ti kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa kúnlẹ̀ dáhùn. Lánàá, wọ́n dúró gbọ́ àwọn èèyàn níbi ẹ̀rọ omi, wọ́n ṣe họ̀ọ̀, wọ́n ní, "Àwọn ará Gold Coast mà ti pọ̀ jù ní Ìlọrin yìí." Akua rẹ́rìn-ín títí ẹja rẹ̀ fi jóná. Èéfín rẹ̀ wọlé wá bá wa, a jọ ń wú ikọ́, mo sì ń dúpẹ́.

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Èmi ni mò ń pọn Sàfúrá. Lọ́sàn-án, ọkọ mi ń wá sílé jẹun, wọ́n ń jókòó ti ìyá wọn, wọn a máa sọ ìtàn fún wọn. Ara tù mí, Ìyá. N kò lè parọ́.

Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń yí, Ìyá Àgbà máa ń dákẹ́. Wọn á máa wò wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wo àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan báyìí, wọ́n ti ń pe Sàfúrá ní Sàfúrá. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Àìṣátù ńkọ́? Ṣé ó wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn?" Ọkọ mi bojú wolẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wí bẹ́ẹ̀ báyìí, n kò sì mọ ọjọ́ tí wọn kò ní gbà á mọ́.

Nítorí náà, Ìyá mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Tí ẹ bá dé, wọ́n á bi yín pé níbo lẹ ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Ìlọrin. Ẹ ní àdúgbò kejì ni ẹ ti fẹsẹ̀ rìn wá.

Èmi ọmọ yín,
Ràzíátù